Ta Ló Ń Fi Ọ̀nà Iṣẹ́ Han Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti gọ́tà tó dí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ni. A fẹ́ bi ara wa pé: níbo gan-an ni àwọn ọmọ yìí ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lọ́la? Ta ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn? Ṣé ẹni tó mọ ọ̀nà ni, àbí ẹni tí òun náà ṣì ń wá ọ̀nà?

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà tí à ń tà wò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa ń ra ọjà láìbèèrè. Ẹni tó fẹ́ kó èlùbọ́ á kọ́kọ́ pe Ṣakí, á pe Ìgbòho, á gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àpò kan kó tó gbé owó jáde. Aláṣọ á tú aṣọ, á fọwọ́ pa á, á fà á wò, á bèèrè bóyá ó máa ń ṣá. Bí èèyàn bá kó ọjà tí kò mọ ẹni tí yóò rà á, a ó ní ọlọ́jà náà kò tíì gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe lórí ọmọ. Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún là ń fi owó àjọ, owó alájẹṣẹ́kù àti owó tí a ò bá fi kún ọjà ránṣẹ́ sí ilé ìwé. Ó di ọjọ́ tí ọmọ bá gboyè, tí a ti jó, tí a ti wọ aṣọ ẹbí, tí a ti ya fọ́tò, kí a tó bi í pé, "Ó dáa báyìí, iṣẹ́ wo lo wá fẹ́ ṣe?" Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ jù. Ìgbà tí ọjà bá ti wà nílẹ̀ gègèrè kọ́ là ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ibi tí a ó ti tà á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàrin wa tó mú wa kọ èyí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ ní ọmọbìnrin kan tó gboyè nínú bayokẹ́mísírì. Ọmọ náà ṣe dáadáa nílé ìwé. Ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó padà wálé, ó jókòó. Ọdún kìn-ín-ní lọ, ìkejì tẹ̀lé e. Ìyá gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, ó tún wá owó fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ ẹni tó ń fini síṣẹ́ ní Àbújá. Ọkùnrin náà gba owó, ó pa fóònù. Lọ́jọ́ kan, ìyá yìí ń ro ẹjọ́ náà fún oníbàárà rẹ̀ kan, ìyáàfin kan tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ìyáàfin náà la ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni? Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ni mo wà. Èmi ni olórí àwọn tó ń yẹ oògùn wò kó tó jáde. Àwọn tó ka ohun tí ọmọ yín kà là ń gbà síbẹ̀. Ká ní ẹ mú un wá nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, ǹ bá ti gbà á fún I.T. Láàrin àwọn ọmọ I.T. la ti máa ń mú ẹni tí a ti mọ ọwọ́ rẹ̀."

Ọdún mọ́kànlá! Ìyá wa mọ iye ọ̀pá àǹkárá tí obìnrin yìí ń rà lọ́dún, ó mọ àwọ̀ tó fẹ́ràn, ó mọ ọjọ́ tó ń gba owó oṣù. Kò bi í lọ́jọ́ kan rí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ìyáàfin náà kò lè fún ọmọ níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí pé àyè kò sí. Ohun tó ṣe ni pé ó jókòó ti ọmọ, ó sọ ohun tó kù tó yẹ kó kọ́ fún un, ó sì dárúkọ iléeṣẹ́ mẹ́rin tó lè kọ lẹ́tà sí. Ọmọ náà wá sọ pé láti ìgbà tí òun ti wọ yunifásítì, ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ bá ẹni tó ń fi ohun tí òun kà ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀. Gbólóhùn yẹn gún wa lọ́kàn. Ó di ọ̀rọ̀ ìpàdé.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti ń bèèrè

Ní ìpàdé náà, a ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ ní yunifásítì lọ bi í léèrè pé: ta lo máa ń bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọ̀la rẹ? Èsì tí wọ́n mú wá jọra wọn. Ọ̀rẹ́ ló ṣáájú. Fóònù ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ìjọ tàbí ẹgbẹ́ mùsùlùmí inú ọgbà ilé ìwé. Àwọn tó dárúkọ olùkọ́ kò pọ̀. Ọ́fíìsì tí ilé ìwé yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ràn, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwa ìyá ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo ló dárúkọ ìyá rẹ̀, òun náà ní owó ọkọ̀ tí òun yóò fi lọ ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni òun bèèrè! A rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

A ò sọ pé ọ̀rẹ́ kò dára. Ọmọ tó ti wà ní ọdún kẹta lè sọ olùkọ́ tó le fún ọmọ ọdún kìn-ín-ní, ó lè sọ ìwé tó yẹ kó kà àti ibi tí omi ti ń yọ ní họ́stẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n kí ló mọ̀ nípa iṣẹ́ tí òun náà kò tíì ṣe rí? Ẹni tí kò dé Kano rí kò lè júwe bí wọ́n ṣe ń kó àlùbọ́sà níbẹ̀ fún wa. Bí ọ̀kan bá ní iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ni owó wà, gbogbo wọn á kọjú síbẹ̀. Bí òmíràn bá tún ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wà lóde, wọ́n á tún ya síbẹ̀ gìrìgìrì. Bí gbogbo ọlọ́jà bá já tòmátì lọ́jọ́ kan náà, àwa náà kúkú mọ bó ṣe máa ń rí tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Fóònù wúlò, àmọ́ gbájú-ẹ̀ wà níbẹ̀

Ti fóònù, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa jẹ, ó wúlò. Nígbà kan, ẹni tó ń wáṣẹ́ á ra ìwé ìròyìn, á gé ibi tí wọ́n ti polówó iṣẹ́, á fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Lóde òní, ojú fóònù ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù. Ní ọdún 2009, àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ló dá Jobberman sílẹ̀, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń polówó iṣẹ́ tí àwọn ọmọ sì ti ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Bákan náà ni LinkedIn wà. Níbẹ̀, ọmọ lè rí orúkọ ẹni tó ka ohun tí òun náà ń kà, kó rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó sì kọ̀wé sí i. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n lò lè jókòó sí Ìbàdàn kó bá ẹni tó wà ní London sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Èyí dára, a ò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n A kì í gbọ́n tó ẹni tí yóò tanni jẹ. Ojú fóònù kan náà ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń jókòó sí. Wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé wọ́n ti mú orúkọ ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bẹ́ẹ̀ ọmọ kò kọ lẹ́tà sí wọn rí. Bó bá débẹ̀, wọ́n á ní kó san owó fọ́ọ̀mù, tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tàbí kó lọ mú ẹlòmíràn wá tí yóò dá owó sí i. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ ẹni. Kí wọ́n bèèrè orúkọ iléeṣẹ́ náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Bí orúkọ náà kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n yáa padà sílé. Bó bá sì wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó o, kí wọ́n tún wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí bi léèrè. Bí wọ́n bá ní òkè òkun ni iṣẹ́ náà wà, pàápàá fún ọmọbìnrin, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìjọba dá NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti àwọn tó ń kó ọmọ èèyàn ṣòwò. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bí ara bá ń fu yín.

Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2014. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ní òun fẹ́ gba òṣìṣẹ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ iṣẹ́ náà san ₦1,000. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, ogunlọ́gọ̀ ọmọ tó ti jáde ilé ìwé gíga ló ya bo àwọn pápá ìṣeré ní Àbújá àti ní àwọn ìlú mìíràn. Wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó ju èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó kú sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní ẹ̀bi tiwọn, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn wá nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ náà gbọ́ pé ó ṣí, ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn sì sáré lọ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn mẹ́wàá wà kò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ òun pa sí ẹnu ọ̀kan.

Ilé Ọlọ́run àti ọ́fíìsì tí a ti sanwó rẹ̀

Ti ìjọ àti ẹgbẹ́ mùsùlùmí inú ọgbà, a ò bá ilé Ọlọ́run jà. Àdúrà ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé àwọn àgbà tó ń wá wàásù fún wọn níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Òmíràn jẹ́ dókítà, òmíràn wà ní bánkì, òmíràn ń kọ́ afárá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàmín tán, kí ọmọ dúró, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n wà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn.

Ó wá ku ibi tó yẹ kó ṣáájú tó wá gbẹ̀yìn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ̀ka kan wà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Díìnì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀gá tó wà nídìí rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ka yìí ni àwọn olùgbaninímọ̀ràn sábà máa ń wà. Iṣẹ́ wọn ni láti jókòó ti ọmọ, kí wọ́n bi í ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ lè gbé e dé, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìwáṣẹ́. Àwọn ọmọ wa kì í lọ. Kí ló dé? Wọ́n rò pé ẹni tó ṣẹ̀ tàbí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú ló ń lọ síbẹ̀. Òmíràn lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, kò padà lọ mọ́. A ò ní purọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju àwọn olùgbaninímọ̀ràn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ sí ìsọ̀ kan tí a bá a ní títì, ṣé a kì í padà lọ lọ́jọ́ kejì ni? Ọ́fíìsì yẹn wà lára ohun tí a sanwó ilé ìwé fún. Ta ló ń sanwó ọjà tí yóò wá gbàgbé ọjà náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á?

Àwọn olùkọ́ náà ńkọ́? Wọ́n máa ń yan olùkọ́ kan pé kó máa tọ́ àwọn ọmọ ìpele kan sọ́nà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lọ bá a. Olùkọ́ yìí ló mọ ibi tí àwọn ọmọ tó ti kọ́ láti ọdún yìí wá wà. Bí ọmọ bá bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, àwọn tó jáde ṣáájú wa, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?", ìbéèrè kan yẹn lè ṣí ọ̀nà márùn-ún.

Ẹ̀bi tiwa

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, nítorí pé ẹ̀bi wà lọ́wọ́ tiwa náà. Èkíní ni ọ̀rọ̀ I.T. Láti ọdún 1973 ni àjọ ITF ti bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní I.T. Ohun tó wà fún ni pé kí ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti irú wọn kúrò nínú kíláàsì, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ti àwọn kan jẹ́ oṣù mẹ́ta, ti àwọn mìíràn jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ọmọ á máa kọ ohun tó bá ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á sì buwọ́ lù ú. Ìmọ̀ràn wo ló tó èyí? Ojú ara rẹ̀ ni ọmọ fi máa rí iṣẹ́.

Kí la wá ń ṣe sí i? Ó wà láàrin wa tó jẹ́ pé ìgbà I.T. ni inú rẹ̀ máa ń dùn pé ọmọ ti dé tí yóò bá òun dúró ní ìsọ̀. Ọmọ á máa ta ọjà fún oṣù mẹ́fà, a ó wá bẹ ẹnì kan ní ìjọ tàbí àna wa kan pé kó bá wa lu òǹtẹ̀ sínú ìwé náà. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná á padà sílé ìwé láìfọwọ́ kan wáyà. A mọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ kan kì í fún ọmọ I.T. ní kọ́bọ̀, owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ sì ń ta ìyá lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka owó ọkọ̀ yẹn mọ́ owó ilé ìwé. Oṣù mẹ́fà tí a rò pé a fi jèrè yìí, àdánù gbáà ni. Ẹ rántí ohun tí oníbàárà ìyá aláṣọ sọ: láàrin àwọn ọmọ I.T. ni wọ́n ti ń mú.

Èkejì, àwa la ń ti àwọn ọmọ sínú kọ́ọ̀sì tí wọn kò fẹ́. Lọ́yà, dókítà, ẹnjiníà: mẹ́ta yìí ni orúkọ tó ń dùn wá lẹ́nu. Bí ọmọ bá kọ èyí tó wù wá sínú fọ́ọ̀mù JAMB, tí kò rí i, wọ́n á fún un ní kọ́ọ̀sì mìíràn, a ó sì ní kó ṣáà máa kà á, pé páálí ni páálí. Ọmọ náà kò bèèrè ohun tí kọ́ọ̀sì yẹn ń ṣe, àwa náà kò bèèrè. Bẹ́ẹ̀, kò sí kọ́ọ̀sì tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń lò ó, bí èèyàn bá tètè wá a kàn.

Ẹ̀kẹta, a kì í bèèrè ohun tó kù lẹ́yìn oyè. Ọmọ tó gboyè nínú òfin kò tíì di lọ́yà. Ó kù kó lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, kó sì yege níbẹ̀. Ọmọ tó ka ìṣirò owó tó sì fẹ́ di ọmọ ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1965, ṣì ní ìdánwò tiwọn láti ṣe. Ọmọ tó ka ìmọ̀ oògùn gbọ́dọ̀ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà iṣẹ́. NYSC tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973 ńkọ́? Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gboyè kì í ṣe é mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un. Bí ọmọ bá tún yá owó ilé ìwé lọ́dọ̀ NELFUND, ètò tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀, kò sí èlé lórí rẹ̀, àmọ́ gbèsè ni, yóò sì san án tó bá ń ṣiṣẹ́. Gbogbo èyí ló ní owó àti àkókò tirẹ̀. Ìyá tó bá mọ̀ ọ́n láti ọdún kejì á dá àjọ sílẹ̀ dè é. Ìyá tí kò mọ̀ á máa rò pé ọmọ ń fi òun ṣeré.

"Àwa tí a ò kàwé, kí la mọ̀?"

Àwọn kan sọ èyí ní ìpàdé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ń sọ òyìnbó, èmi ò tíẹ̀ lè pe orúkọ kọ́ọ̀sì rẹ̀, kí ni mo fẹ́ gbà á nímọ̀ràn?" A gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ mọ ìwé, ó mọ fóònù. Àwa mọ èèyàn. Ta ni kì í wá sọ́jà? Nọ́ọ̀sì ń ra ata lọ́wọ́ wa, ẹnjiníà ń ra iṣu, mánijà bánkì ń ra ẹja, ìyàwó adájọ́ ń ra léèsì. Wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń bá wa ṣàwàdà, wọ́n ń bi wá ọmọ ńkọ́, a ó ní wọ́n wà, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀! Kò sí yunifásítì tó ní irú èèyàn tó ń gba iwájú ìsọ̀ wa kọjá lọ́sẹ̀ kan. A kàn ń jẹ́ kí wọ́n lọ ni.

Àwọn mìíràn ní kí ọmọ tó gboyè tí kò ríṣẹ́ wá dúró ní ìsọ̀, kó sì parí síbẹ̀. A ò ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òwò kì í ṣe ìyà, òwò náà la fi rán wọn nílé ìwé. Ọmọ tó bá yàn án, tó fẹ́ mú ìwé tó kà wá fi tún òwò ìyá rẹ̀ ṣe, káàbọ̀ ni, a ó sì kọ́ ọ. Ohun tí a kò fẹ́ ni ọmọ tó wá jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò nítorí pé kò sí ẹni tó fi ọ̀nà mìíràn hàn án. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tajà, kò sì ṣe iṣẹ́ tó kà. Ní ọdún 2022 tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yan iṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, gbogbo wa la rí i. Àwọn ọmọ tó ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ fi àkókò yẹn kọ́ṣẹ́, wọ́n lọ dúró ti ẹni tó ń ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn tí kò mọ̀ sùn, wọ́n jí, wọ́n tún sùn.

Ohun tí a rò pé ó yẹ ká ṣe

Àkọ́kọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bi oníbàárà rẹ̀ márùn-ún léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè, kí ẹ sì bèèrè bóyá ọmọ lè wá kí wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ má dà á láàmú.

Èkejì, láti ọdún kìn-ín-ní tàbí ìkejì ni kí ọmọ ti lọ, kì í ṣe ìgbà tó bá jáde. Kó má lọ tọrọ iṣẹ́ o. Ìbéèrè mẹ́ta ni kó mú lọ: kí ni ẹ máa ń ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Báwo ni ẹ ṣe débẹ̀? Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí n kọ́ kí n tó jáde? Ẹni tí a bá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè sá fún wa, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá bèèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn.

Ẹ̀kẹta, kí ìyá kọ̀ọ̀kan bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ọ́fíìsì àwọn olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé yín, níbo ló wà? Ọjọ́ wo lo débẹ̀ kẹ́yìn?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ wá a kó tó wá gba owó oúnjẹ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, a ń dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ká pe àwọn oníbàárà wa tó bá gbà láti wá, ká pe àwọn ọmọ, kí wọ́n jókòó papọ̀. Kò ní sí aṣọ ẹbí, a ò sì ní se ìrẹsì. Àga àti omi tútù ti tó.

Ìkarùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó iṣẹ́ fún aláàárín kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi tó ẹgbẹ́ létí. Ìyá aláṣọ wa ti sọ fún wa pé ká sọ ọ́ fún gbogbo ayé, kí ẹlòmíràn má bàa bọ́ sí ohun tí òun bọ́ sí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì ń kọ lẹ́tà sí àwọn iléeṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n dárúkọ fún un, ó sì ń kọ́ èyí tí wọ́n ní kó kọ́. A ò tíì lè sọ pé ó ti ríṣẹ́, a ò sì ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ní òun mọ ibi tí òun ń lọ báyìí. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní ọdún kejì ti bá ìyáàfin náà sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, kò dúró dọjọ́ tí yóò gboyè.

Àwọn baba wa ní Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú orúkọ oníbàárà márùn-ún wá àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kí ọmọ bá a kọ ọ́.